Ojú Ń Wò, Ìka Kò Dé Ibẹ̀
Bí amọ̀ṣẹ́ bá wà lókèèrè, báwo ni yóò ṣe tọ́ ọwọ́ ẹlòmíràn sọ́nà? Ní 1996, Kraut, Miller àti Siegel ròyìn ìwádìí wọn lórí títún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan so kámẹ́rà kékeré mọ́rí. Iṣẹ́ ẹni tí ó ní olùrànlọ́wọ́ dára ju ti ẹni tí ó dá ṣe é lọ. Síbẹ̀, àwòrán kò mú un dára ju ohùn lásán lọ. Lójú tèmi, olùrànlọ́wọ́ ń wò, kò lè nàka ni. Láìsí ìka, “èyí” àti “ìyẹn” di àlọ́. Nítorí náà, kí a tó fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lé nọ́ọ̀sì abúlé lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a bèèrè: ǹjẹ́ ìka dókítà lè dé ojú egbò?