Orin Tí A Ṣẹ̀dá, Ta Ní Ń Jẹ Owó Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

 Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ń dúró ti ẹ̀rọ lọ́sàn-án, tí wọ́n á tún gbé gìtá tàbí gángan lọ sóde àríyá lálẹ́ Sátidé. Àwọn ló bi mí ní ìpàdé tó kọjá pé: bí ènìyàn bá ń ṣẹ̀dá orin, ṣé èrè wà nínú kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí ń gba owó orin? Àbí àwọn yẹn náà kàn fẹ́ jẹ lára olórin ni? Èsì mi ni pé èrè wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lajú sí i ló ń rí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bí ẹ bá ra àwo orin, owó àwo lẹ san. Ṣùgbọ́n bí ilé ọtí, òtẹ́ẹ̀lì, rédíò tàbí ọkọ̀ akérò bá ń fi orin náà fa oníbàárà mọ́ra, ẹ̀tọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀dá orin ní ẹ̀tọ́ láti gba nǹkan nígbà tí wọ́n bá ń lò ó ní gbangba. Ta ni yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ọtí láti Èkó dé Sókótó láti gba owó yìí? Ìdí tí wọ́n fi kó ara wọn jọ nìyẹn, bí àwa náà ti ṣe.

Ní Paris ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1847, Ernest Bourget, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣẹ̀dá orin níbẹ̀, jókòó sí ilé ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ambassadeurs. Orin tirẹ̀ ni àwọn eléré ibẹ̀ ń kọ. Nígbà tí wọ́n ní kí ó sanwó ohun tó mu, ó ní òun kò san, nítorí wọ́n ń lo ọjà òun lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, Bourget sì borí. Ní 1851 wọ́n dá ẹgbẹ́ SACEM sílẹ̀, ó wà títí dòní. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, PRS, dé ní 1914.

Èyí tó kan àwa òṣìṣẹ́ gan-an ni ti 1943. Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́. BBC ti bẹ̀rẹ̀ ètò orin kan fún àwọn ilé-iṣẹ́ láti 1940, nítorí pé bí orin bá ń dún, ọwọ́ òṣìṣẹ́ a máa yá sí i. Ilé-iṣẹ́ Ernest Turner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, bí 600. PRS ní kí wọ́n sanwó. Ilé-iṣẹ́ ní rárá, pé inú ọgbà àwọn ni, àlejò kankan kò wọlé, kì í ṣe gbangba. Ilé-ẹjọ́ kò gbà fún wọn. Wọ́n ní gbangba ni, ọ̀gá sì ń jèrè nínú rẹ̀ nítorí iṣẹ́ ń jáde sí i. Ẹ gbọ́ o: ọ̀gá tó fẹ́ kí orin mú iṣẹ́ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ sanwó fún ẹni tó ṣe orin! Àwa mọ irú wọn dáadáa. Olórin kan ṣoṣo kì bá lè gbé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé iwájú adájọ́.

Ẹ wá wo ẹni tí kò sí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Solomon Linda, ọmọ Zulu, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. Lọ́dọ̀ Gallo ní Johannesburg ló ti ń di àwo orin sínú páálí. Ní 1939, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Evening Birds, gbé orin “Mbube” jáde níbẹ̀. Àwo náà tà ju 100,000 lọ. Ní 1952 ó fọwọ́ sí ìwé pé Gallo ló ni orin náà. Ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́. Orin yìí ti dé Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní “Wimoweh”. Ní 1961 ó di “The Lion Sleeps Tonight” tí gbogbo ayé mọ̀, ní 1994 ó tún wọ inú fíìmù “The Lion King”. Linda ti kú ní 1962, nínú àìní. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyàwó rẹ̀ kò fi rí owó gbé òkúta sí ojú oórì rẹ̀.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1911, òfin kan náà tí wọ́n mú wọ Nàìjíríà lásìkò amúnisìn, ni lọ́yà ìdílé náà gbé dìde. Ó sọ pé bí ẹni tó ṣẹ̀dá orin bá tilẹ̀ tà á, ẹ̀tọ́ náà yóò padà sọ́wọ́ àwọn àrólé rẹ̀ ní ọdún 25 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 2004 ni wọ́n pẹjọ́, ní 2006 ni wọ́n parí rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi rí owó gbà. Ọdún 67 lẹ́yìn tí àwo jáde! Ní PRS, ilé-iṣẹ́ tó bá ń bójú tó orin kò lè gbà ju ìdajì owó ìlò gbangba lọ. Ìdajì kejì, ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá orin ni ẹgbẹ́ ń san án sí tààrà. Ẹ fi ìyẹn wé ṣílè mẹ́wàá.

Nílé wa ńkọ́? Àwọn tí ń ráhùn kò jẹ̀bi níbí. MCSN dé ní 1984. Ìjọba ṣe òfin ní 1988, ó sì wá di pé ẹgbẹ́ tí kò bá ní àṣẹ kò gbọdọ̀ gbowó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni MCSN àti ìjọba fi wà ní kóòtù. COSON gba àṣẹ ní 2010, MCSN gba tirẹ̀ ní 2017. Ìjà ipò bẹ́ sílẹ̀ ní COSON, wọ́n sì dá àṣẹ rẹ̀ dúró ní 2018. Ní gbogbo ìgbà yẹn, òtẹ́ẹ̀lì tí kò fẹ́ san rí àwáwí: ta ni kí àwọn san án fún? Òfin tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023 ṣì ní kí ẹgbẹ́ gba àṣẹ. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn yín.

Ọ̀rọ̀ pípín owó náà tún wà. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà wọ́n á wo ìwé tí rédíò kọ orúkọ orin sí. Bí rédíò kò bá kọ tiyín, owó yín lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti ń dún tẹ́lẹ̀. Ẹni tí orin rẹ̀ kò tíì kúrò ní àdúgbò, kí ó má retí owó ilé kíkọ́. Ṣùgbọ́n bí orin yín bá ti ń dún ní rédíò tàbí ní gáréèjì, ẹ wọlé.

Kí ẹ sì fi orúkọ orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí i àti ìpín oníkálukú, kí ẹ tó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ orin wa, orúkọ ọ̀gá nìkan ló sábà ń wà lára àwo. Ọmọ tó jókòó hun ọ̀rọ̀ orin, tó gbé ohùn rẹ̀ wá, owó òde alẹ́ ọjọ́ náà ni yóò gbà lọ sílé. Kò yàtọ̀ sí fóòmàn tó ń gba oríyìn iṣẹ́ tí ọmọ abẹ́ rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá sì ti wọlé tán, ẹ máa lọ sí ìpàdé wọn, kí ẹ béèrè ìṣirò owó. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wá sí ìpàdé ẹ̀ka yìí títí di oṣù bọ́nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Ó ku àwa tí kì í kọrin. Bí àwọn agbowó orin bá dé gáréèjì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ owó náà lára owó awakọ̀ tàbí kọ̀ndọ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń jèrè èrò. Ẹrù tirẹ̀ ni, kí ó san án fún olórin. Mo ti ní kí akọ̀wé kọ ọ́ mọ́ ohun tí a ó bá àwọn ọ̀gá sọ nígbà tí a bá tún jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣẹ̀dá orin, ẹ wá bá èmi àti akọ̀wé ní Sátidé tó ń bọ̀, wákàtí kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn orin yín wá, kí ẹ sì mú ìwé àdéhùn èyíkéyìí tí ẹ ti fọwọ́ sí dání. A ó jọ kà á.