Níbo La Ó Máa Kọ Àbùkù Ọkọ̀ Sí?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa

Àwọn ọ̀gá fẹ́ kí ìwé tí a ń kọ àbùkù ọkọ̀ sí di ti kọ̀ǹpútà. A kò lòdì sí i. Epo ti ba ojú ewé púpọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n inú ètò wo ni wọn ó kó o sí?

Excel ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. A kọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020, orúkọ àwọn 15,841 tó ní àrùn kòrónà kò wọlé lásìkò, nítorí irú fáìlì Excel àtijọ́ tí wọ́n lò kò gbà ju ìlà 65,536 lọ.

SQLite ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní wàhálà. Ṣùgbọ́n fáìlì kan ṣoṣo ni: ẹni tó bá láṣẹ àtikọ sínú rẹ̀ láṣẹ àtipa á rẹ́ pẹ̀lú.

PostgreSQL ni a fara mọ́. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn lè kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kan náà, a sì lè fún dírẹ́bà àti ọ̀gá gáréèjì láṣẹ àtikọ láìsí àṣẹ àtiparẹ́. Bí dírẹ́bà bá kọ ọ́ láàárọ̀ pé bíréèkì kò mú, tí wọ́n ní kó máa lọ, tí ọkọ̀ sì dojú dé lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú aago.

Àmọ́ ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣì lè pa á rẹ́. Ìdí nìyí tí a fi béèrè ẹ̀dà kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Wọn kò tíì fèsì sí ìyẹn. A ó tún bi wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì.