Láti Festac Dé Gbẹrẹfu: Ẹ Jẹ́ Ká Fi Mọ́tò Tiwa Lọ



Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ sọ lónìí kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ wa ti dé Dubai, ti dé London. Ojú ọ̀nà Àgbádárìgì tí à ń gbà lójoojúmọ́ ńkọ́? Èmi pàápàá ti lé lógójì ọdún kí n tó dé erékùṣù Gbẹrẹfu. Ọmọbìnrin mi ló fà á.

Ó bi mí pé, "Dádì, kí ló dé tí wọ́n ń pe àdúgbò wa ní Festac?" Mo ní àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti ọdún 1977 ni ìjọba tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé wọ̀nyí, kí àwọn tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, Brazil àti ibòmíràn lè ríbi sùn. Ó tún ní, "Ta ló kó wọn dé ọ̀hún tẹ́lẹ̀?" Mo ní kó jẹ́ ká lọ wò ó.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé la gbéra, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé mọ́tò tiwa ni, ibi tó wù wá la ti ń dúró. A ra àgbọn lọ́nà. Ní Àgbádárìgì, a wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní 1845. A fi mọ́tò sílẹ̀ létí omi, a wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá.

Ọ̀kadà ló ń ná òdìkejì. Mo ní èmi ni n ó gùn ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ín rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, iyanrìn kì í ṣe ọ̀dà o." N kò gbọ́. Kò pẹ́ tí ọ̀kadà fi dà mí nù, orúnkún mi bó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ kò tí ì gùn ún. La bá fẹsẹ̀ rìn, a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí ìtàn ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu nínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Nígbà tí a dé etí òkun, níbi àrèmábọ̀, ọmọ náà dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Dádì, àwọn tó wá sí Festac, wọ́n padà bọ̀ nìyẹn."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ilé ìpadàbọ̀ là ń gbé. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ ibi tí àwọn ará wa ti lọ. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú kó ọmọ sínú mọ́tò lọ́dún yìí.

Ẹ yẹ táyà àti ìwé ọkọ̀ wò, torí ọ̀nà ibodè ni. Ẹ mú owó lọ́wọ́. Ẹ ná owó ọkọ̀ ojú omi kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ọmọdé àtàgbà wọ ẹ̀wù ìdóòlà. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti sọdá padà.

Ẹ sì jẹ́ kí ọlọ́kadà gun ọ̀kadà rẹ̀. Orúnkún mi ni ẹlẹ́rìí.