Polí Kì Í Ṣe Àjẹkù Yunifásítì
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ ní ìpàdé)

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní ká bá yín sọ lónìí, lórí àwọn ọmọ wa tó ti parí ìwé mẹ́wàá ni.

Ẹ wo ìsọ̀ wa yíká. Ọmọ ṣe JAMB lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, a ní yunifásítì nìkan la fẹ́. Ọmọ jókòó ti àtẹ, ọdún ń gorí ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà kan ò wọjà.

Ẹ jẹ́ ká fi Yábátẹ́ẹ̀kì níhìn-ín l'Ékòó ṣe àpẹẹrẹ. Ilé ìwé ìjọba ni. Ọdún 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kí ti Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ta ló wá ní àjẹkù ni? Yusuf Grillo, àgbà ayàwòrán nì, ibẹ̀ ló ti ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ń kọ́ ìṣirò owó, ilé kíkọ́, iná mànàmáná, àti bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ kó má bàjẹ́. Ẹ̀yin tí tòmátò ń rà mọ́ lọ́wọ́, ṣé ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ yẹn kàn yín?

Bó ṣe ń lọ rèé. Ọdún méjì ni ND. Ọmọ á lọ fi ọdún kan ṣiṣẹ́, á wá padà ṣe HND fún ọdún méjì, á sì lọ sin ìlú. Ẹni tó bá dúró lórí ND, ìwé ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ètò pat-táìmù náà wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A ò ní tàn yín o. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ṣì ń fi HND sẹ́yìn ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ò ní máa wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó jẹun.

Ní ti owó, láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yá àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba lówó, NELFUND ni wọ́n ń pè é. Kò ní èlé. Ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ilé ìwé fún tààrà. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá sin ìlú tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Gbèsè ni ṣá o, kì í ṣe ọ̀fẹ́, àmọ́ kò dà bí owó èlé tí wọ́n ń wá gbà ní ìsọ̀ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ní àwọn mọ ọ̀nà ẹ̀yìn. Admission ò sí lápò ẹnikẹ́ni. Láti 2017, lórí CAPS ti JAMB ni ọmọ fúnra rẹ̀ ti ń rí i. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá, ẹ lé e.

Ẹ má sì ṣe mú ọmọbìnrin so mọ́ ìsọ̀ torí kí ọkùnrin lè kàwé. Ọmọ kan ò jù kan.

Ẹni tó bá ní ọmọ nílé, kó wá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ká lè jọ wá ọ̀nà.

Ọjà á tà, ọmọ á yege. Àṣẹ.