Bí dókítà bá ní "touch and go"

Ẹ̀yin ọmọ Àgbádárìgì nílé, lóko àti lókè òkun! A ò ní rí àìsàn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àìsàn náà ni mo gbé wá.

Ẹ rántí màmá wa kan tó wà ní ọsibítù lọ́dún tó kọjá. Ọmọ wọn kọ ọ́ sórí WhatsApp wa pé dókítà ní "it's touch and go". Kí la fi fèsì? "Ẹ ṣé o Jésù!" "Alhamdulillah!" A rò pé wọ́n á kàn fọwọ́ kan màmá, wọ́n á sì máa lọ sílé ni. Owó ìwòsàn tí à ń dá jọ, a dá a dúró. Bẹ́ẹ̀, ohun tí dókítà ń sọ ni pé ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run. Ọjọ́ kẹta ni ọmọ náà pè mí tẹkúntẹkún, ó ní ṣé ará ilé ò bìkítà ni? Lóru ọjọ́ yẹn la sáré dá owó náà pé.

Èdè òyìnbó kì í ṣe àjèjì níbí. Thomas Birch Freeman ti gúnlẹ̀ sílùú yìí láti 1842. Síbẹ̀ ó mú wa. A ò sì lè bú òyìnbó pé ó ń fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Ṣebí àwa náà ń pe ṣọ̀pọ̀nná ní ilẹ̀ẹ́gbóná, ọba wa ò sì kú rí, wíwàjà ni wọ́n máa ń wàjà.

"Not out of the woods": kò sígbó níbẹ̀ o, ewu ò tíì kọjá ni. Ẹ ṣọ́ "not" yẹn dáadáa! Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ti bọ́. "On the mend", ara ti ń yá. "Under the weather" kò ju kára má yá díẹ̀ lọ. Ẹ má torí ẹ̀ wọ mọ́tò láti Ìbàdàn. "Taken a turn for the worse" lẹ wọ mọ́tò fún.

Èyí tó jẹ́ tàwa ará etíkun ni "clean bill of health". Ìwé ọkọ̀ ojú omi ni láyé àtijọ́. Ó ń fi hàn pé kò sí àrùn àkóràn ní èbúté tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Bí kò bá sí i, wọ́n lè ní kí èrò má sọ̀kalẹ̀. Lónìí, ó túmọ̀ sí pé dókítà yẹ èèyàn wò, kò rí nǹkan kan.

Bí ọ̀rọ̀ dókítà ò bá yé yín, ẹ bi í léèrè: "Ṣé ewu ṣì wà?" Kẹ́ ẹ wá kọ èsì sórí WhatsApp ní Yorùbá tàbí Ègùn.

Màmá ọ̀hún ló jókòó síwájú yẹn, tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.