Irin Nínú Eyín: Kí Ló Dé Tí Eyín Màmá Mi Fi Là?

Ẹnu màmá mi ni ìbéèrè tòní ti wá. Ní ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n tọ́jú gbòǹgbò eyín wọn, tí dókítà ri òpó irin sínú rẹ̀, tó sì fi adé bò ó, wọ́n ń jẹ ẹran lọ́jọ́ kan, wọ́n gbọ́ "kà!" Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, gbòǹgbò ti là gbọọrọ. Yíyọ ló kù. Màmá mi mú eyín náà lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ṣebí irin ni wọ́n fi gbé e ró? Báwo ló ṣe tún là?"

Èmi kì í ṣe dókítà o, ètò ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo wá ìdáhùn lọ.

Tí eyín bá jẹrà dé ibi tí iṣan wà, dókítà á kó iṣan náà kúrò, á fọ ihò gbòǹgbò mọ́, á fi rọ́bà dí i. Òun là ń pè ní root canal. Tí orí eyín bá ti bàjẹ́ tán, adé kò ní ríbi dì mú. Wọ́n á wá ri òpó sínú gbòǹgbò, wọ́n á mọ kùkùté lé e lórí, kí adé tó wá. Òpó yẹn ni wọ́n ń pè ní post, kùkùté ni core.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé òpó yìí dà bí irin inú kọnkéré, pé ó ń fún eyín lágbára. Rárá o! Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó di kùkùté mú lọ. Ara eyín tó ṣẹ́ kù gan-an ni agbára rẹ̀. Ní 1989, Reeh, Messer àti Douglas wọn bí eyín ṣe ń pàdánù líle rẹ̀. Ihò tí wọ́n gbẹ́ láti tọ́jú gbòǹgbò mú nǹkan bí 5 péré kúrò nínú 100. Ihò ńlá tó gba orí eyín kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì mú ju 60 lọ.

Ẹ wá rántí bí a ṣe ń la igi ìdáná: a ó ki irin bọ àárín rẹ̀, a ó sì lù ú. Tí a bá gé nǹkan jẹ, ara eyín máa ń tẹ̀ díẹ̀, a ò tiẹ̀ ní mọ̀. Irin kì í fẹ́ tẹ̀. Nínú ìwọ̀n gigapascal, líle ara eyín tó nǹkan bí 18, irin tí kì í dógùn-ún tó nǹkan bí 200. Àwọn tó fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán eyín láti wo ibi tí ẹrù ń lọ rí i pé òpó tó le gan-an máa ń kó ẹrù náà lọ sí ìsàlẹ̀, sí àyíká ẹnu òpó nínú gbòǹgbò. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń là, tó bá sì ti là, kò ṣeé tún ṣe.

Òpó fáíbà sún mọ́ ara eyín ní líle, ó sì máa ń tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Òun náà ní àléébù: ó lè tú kúrò nínú gọ́ọ̀mù rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó tú, wọ́n sábà máa ń lè lẹ̀ ẹ́ padà.

Síbẹ̀, ohun kan ṣe pàtàkì ju irú òpó lọ. Ẹ wo ọ̀bẹ oníèèkù igi: òrùka irin tí wọ́n fi há ọrùn rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí igi là. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí adé há ara eyín yíká, ó kéré tán mìlímítà 1.5 sí 2 lókè èrìgì. Eyín màmá mi ti jẹ dé èrìgì. Adé wọn kò rí eyín há. Orí kùkùté nìkan ló jókòó sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbà kí wọ́n ri òpó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ṣé eyín yìí nílò òpó rárá? Àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn kì í sábà nílò rẹ̀, inú wọn fẹ̀ tó láti di kùkùté mú. Èkejì, ara eyín tó ṣẹ́ kù ńkọ́, ṣé adé á rí i há? Ẹ̀kẹta, irú òpó wo ni, báwo ló sì ṣe nípọn tó? Ó yẹ kí rọ́bà tó mìlímítà 4 sí 5 ṣì kù ní ìdí gbòǹgbò, kí kòkòrò má baà ráyè wọlé.

Lóṣù tó kọjá, ó kan eyín tèmi. Mo béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n ní kò nílò òpó. Mo délé, mo sọ fún màmá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n ń béèrè ni."

Wọ́n ń béèrè o. Ẹ bá mi sọ fún màmá tiyín náà. Ó dìgbà kan ná.