A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Yíya Fọ́ọ̀mù Lójú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ọjà Ìkòtún ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti òróró níbẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ti Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò wá. Àwọn kan a sanwó lọ́wọ́; àwọn mìíràn a gbé ọjà lọ, wọn a ní ó di òpin oṣù. Ìwé gbèsè ni ìyá yìí gbójú lé. Bí òjò bá pa á, tàbí bí ewé kan bá ya kúrò nínú rẹ̀, owó ti sọnù nìyẹn, ìjà sì lè dé. Ọmọ rẹ̀ wá sọ pé, "Màámi, n ó ṣe ètò kan sínú kọ̀ǹpútà tí yóò máa bá yín pa àkọsílẹ̀ gbèsè mọ́." Báwo ni yóò ti ṣe é?

Nígbà kan rí, iṣẹ́ ńlá ni. Kí bọ́tìnì kan ṣoṣo tó hàn lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tí ń kọ ètò lè ní láti fi ọ̀pọ̀ ìlà ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà sọ ibi tí yóò wà, bí yóò ti gùn tó, àti bí yóò ti fẹ̀ tó. Ní 1988, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Alan Cooper ta ohun èlò kan fún ilé-iṣẹ́ Microsoft, èyí tí a fi lè ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń ya àwòrán. Microsoft so ó pọ̀ mọ́ èdè Basic, wọ́n sì gbé Visual Basic jáde ní 1991. Delphi, ti ilé-iṣẹ́ Borland, tẹ̀lé e ní 1995. Lónìí, Lazarus wà, tí ó jọ Delphi. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Linux.

Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ nìyí. Fọ́ọ̀mù òfìfo kan yóò ṣí síwájú yín bí pátákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Àpótí irinṣẹ́ wà nítòsí rẹ̀. Ẹ ó fi máòsì mú ohun tí ẹ fẹ́ níbẹ̀, ìbáà ṣe àkọlé, àyè ìkọ̀wé tàbí bọ́tìnì, ẹ ó sì gbé e síbi tó wù yín. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì tí a kàn yà kò tíì mọ nǹkan kan. Ó dà bí ilẹ̀kùn tí a ń kàn, tí kò sí ẹni tí yóò dáhùn nínú ilé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ojú ìwé mìíràn yóò ṣí, níbi tí ẹ ó ti kọ àṣẹ tí yóò máa jẹ́ nígbà tí ẹnìkan bá kànkùn.

Wàyí o, nítorí pé yíyà rọrùn ni ewu fi wà níbẹ̀. Ọmọ wa lè jókòó sílé, kí ó ya fọ́ọ̀mù tó dùn ún wò, kí ó má sì wúlò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo orúkọ oníbàárà. Bí ìyá bá ní láti tẹ̀ ẹ́ lákọ̀tun nígbà gbogbo, ó lè tẹ "Ṣọlá" lónìí, kí ó tẹ "Sola" lọ́la. Àwa mọ̀ pé ẹnìkan náà ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀, àfi bí a bá kọ́ ọ. Yóò pín gbèsè ẹnìkan sọ́nà méjì. Nítorí náà, kí ọmọ náà to àwọn orúkọ síbẹ̀, kí ìyá kàn máa yan èyí tó fẹ́. Bí Ṣọlá bá jẹ́ méjì, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan wọn hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Kí àyè owó má gba ohun mìíràn ju nọ́ńbà lọ. Kí bọ́tìnì "Fi pamọ́" jìnnà sí "Pa rẹ́", nítorí ọwọ́ a máa ṣì. Bọ́tìnì tó sì gba "Save" lè gé "Fi pamọ́" lọ́rùn. Kí ó fẹ̀ ẹ́. Paríparì rẹ̀, kí ètò náà máa fi gbèsè kọ̀ọ̀kan pamọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí iná lè lọ nígbàkigbà.

Ta ni yóò kọ́ ọmọ náà ní gbogbo èyí? Ìyá rẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Kí ó tó fọwọ́ kan máòsì, kí ó lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ọjà, kí ó wo ìwé gbèsè náà dáadáa. Kí ni ìyá ń kọ́kọ́ kọ? Kí ni ó ń kọ tẹ̀lé e? Bí ìwé náà ti tò ni kí fọ́ọ̀mù náà tò. Nígbà tí ó bá sì parí rẹ̀, kí wọ́n má tíì ju ìwé nù. Kí wọ́n lo méjèèjì pọ̀ fún oṣù kan, kí wọ́n ṣírò wọn, kí wọ́n rí i pé owó bá owó mu.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá ní ànfààní kọ̀ǹpútà, ẹ dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò lò ó. Ó dìgbà kan ná o.